Ọdún Mẹ́rin Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó

Ẹ̀yin ará ilé, mo lọ, mo sì ti bọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn tó lọ sí Kánádà ti fi àwòrán yìnyín hàn yín, àwọn tó lọ sí Jerúsálẹ́mù sì ti bu omi odò sínú ike wá fún yín. Èmi ò rí yìnyín, n ò sì bu omi kankan. Oǹdó ni mo lọ.

Mo ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Ẹni tó bá mu ògì kó tó wọ ọkọ̀ ní Àkúrẹ́, ògì náà kò ní tíì dà nínú rẹ̀ tí yóò fi dé Oǹdó. Àwọn olùkọ́ kan ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n tilẹ̀ ń sùn lójú ọ̀nà. Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ọdún mẹ́rin ló gbà mí kí n tó débẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí mo ti parọ́ fún púpọ̀ nínú yín nípa ìdí tí n kì í fi í jáde nílé.

Kí n tó kúrò nílé

Ìyá Bọ́ládé ni ẹ mọ̀ mí sí, èmi tí mo ń tẹ̀wé ní Sẹkitéríàtì ní Alágbàká títí mo fi fẹ̀yìntì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo wà nínú takisí tó ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́. N ò bá ẹnikẹ́ni jà. N ò gbọ́ ìròyìn búburú. Ṣàdédé ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, ọwọ́ mi kú, ẹnu mi gbẹ, èémí sì há sí mi lọ́fun. Mo mọ̀ dájú pé ikú ló dé. Mo figbe ta. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ké "Jésù!" Obìnrin tó wà níwájú da omi inú ike rẹ̀ lé mi lórí, lórí irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Dírẹ́bà yí mọ́tò padà, ó gbá a lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà so okùn mọ́ mi láyà, ó wo pépà tí ẹ̀rọ pọ̀ jáde, ó ní, "Mọ́mì, ọkàn yín dára ju tèmi lọ." Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú bí mi ni. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé kò sí ohun tó ṣe òun nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tán?

Ó tún wá lọ́sẹ̀ kejì, nínú takisí náà ni. Mo sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, kí n sì tó dé ilé, ara mi ti yá. Báyìí ni mo ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ burúkú: bí mo bá sọ̀kalẹ̀, ara mi á yá. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò wọ ọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, lẹ́yìn náà ni ayé mi kù sí ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọjà tó wà láàárín méjèèjì.

Ẹ má bi mí pé kí ló fà á. Mo ti bi ara mi títí, mi ò rí èsì. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ìdajì rẹ̀ fún máa ń sọ pé "bípì ni." Ní ìlú wa, ohunkóhun tó bá ti ń ṣe ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, bípì náà ni. Mo jẹ aáyù títí àwọn ará ìjọ fi ń jìnnà sí mi. Mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ń wọ̀n ọ́n kí n tó jẹun, mo ń wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oúnjẹ, bí nọ́ńbà bá sì ga díẹ̀, jìnnìjìnnì á bò mí, màá tún un wọ̀n, á sì ti ga sí i. Èmi fúnra mi ni mo ń gbé e gòkè, mi ò mọ̀.

N ò lè sọ pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Obìnrin tó ti tọ́ ọmọ, tó ti sin ọkọ, tó sọ pé ẹ̀rù ọkọ̀ ń ba òun, kí ni wọ́n á pè é? Ẹ mọ ohun tí wọ́n á pè é. Nítorí náà, nígbà tí Bọ́ládé, ọmọ mi kan ṣoṣo, bí àkọ́bí rẹ̀ sí Oǹdó nílé ọkọ, mo di ẹrù mi, mo gbé ọṣẹ dúdú àti òrí, mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ ní gáréèjì. Kí ọkọ̀ tó kún, mo ti sọ̀kalẹ̀. Mo pè é lórí fóònù. Mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, pé mi ò lè rìn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyá obìnrin ló máa ń lọ wẹ ọmọ tuntun. Ìyá ọkọ lè ràn án lọ́wọ́, àmọ́ bí ìyá obìnrin bá wà láyé tí kò yọjú, àwọn èèyàn á máa wo ìyàwó náà bí ẹni tí kò ní ẹnìkan. Ojú yẹn ni wọ́n fi wo ọmọ mi. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń parọ́ ẹsẹ̀, tí ọmọ-ọmọ mi, Tèmi, sì dàgbà láìfojú kàn mí. Ojú fóònù ló ti ń rí mi. Màmá Fóònù ló ń pè mí.

Nígbà tí oyún kejì pé oṣù mẹ́jọ, Bọ́ládé pè mí. Kò pariwo. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò ní bẹ̀ yín bí mo ṣe bẹ̀ yín nígbà kan. Bí ẹ ò bá wá fún eléyìí, màá gbà pé mi ò níyàá. Mi ò ní bínú. Màá kàn gbà bẹ́ẹ̀ ni." Ó pa fóònù. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìta-Ògbólú

Bátìrì ẹ̀rọ mi ló kú tí mo fi lọ sí ilé ìtọ́jú kékeré tó wà ládùúgbò wa. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kéré sí Bọ́ládé. Fọlákẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó wo ìwé tí mo ń kọ nọ́ńbà sí, ó rí i pé mo wọn ara mi nígbà mọ́kànlá lọ́jọ́ kan. Ó pa ìwé náà dé. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

Omijé bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó bi mí bóyá ajá wà ládùúgbò wa. Mo ní ó wà. Ó ní, "Bí olè bá wọlé, ajá á gbó. Bí ẹni tó ń ta búrẹ́dì bá wọlé, ajá kan náà á tún gbó. Kò ya wèrè, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Kò kàn mọ olè yàtọ̀ sí oníbúrẹ́dì ni. Ajá yín ló ń gbó, Mọ́mì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì sá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ ń sọ fún un pé òótọ́ ni, olè ni."

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa mí: kí n fa èémí bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀, kí n sì fẹ́ ẹ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń fẹ́ ògì gbígbóná. Ó ní ìpayà máa ń gòkè, bó bá sì dé góńgó, á sọ̀, kò sí èyí tó dúró sókè rí. Ohun tó kù ni pé kí n má sá kí ó tó sọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní kí n kàn jókòó sínú ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan. Mo lọ ń jókòó sínú mọ́tò aládùúgbò mi tó ti kọṣẹ́ láti ọdún tó kọjá. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ń sọ pé, "Ẹ kú ìdúró de mẹkáníìkì o!" Mo ń dáhùn pé ó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí oríta kejì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, Fọlákẹ́ bá mi wọ ọkọ̀ lọ sí Ìta-Ògbólú, ìlú kékeré kan nítòsí, lọ́jọ́ tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Mo dì í lápá mú títí ọwọ́ mi fi hàn lára rẹ̀. A jẹ bọ̀ọ̀lì lábẹ́ igi kan. Àyà mi ń lù, mo ń jẹ bọ̀ọ̀lì, àwọn àgbẹ̀ ń kí wa, a sì jókòó síbẹ̀ títí àyà mi fi rọlẹ̀. Bọ̀ọ̀lì ọjọ́ náà gbẹ, kò sì dùn. Mo ṣì ń rántí rẹ̀ bí oúnjẹ Kérésìmesì.

Fọlákẹ́ ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ó dé Ọ̀wẹnà lójú ọ̀nà Oǹdó, lẹ́yìn náà Bọ́lọ́rundúró, kí a tó wá ṣe Oǹdó. Ètò náà dára. Àmọ́ Bọ́ládé bímọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Ọkùnrin ló bí. Fọlákẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́, kò lè bá mi lọ. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sórí pépà, ó ní kí n fi sí àpò aṣọ mi: Ẹ má sọ̀kalẹ̀ nígbà tó bá ga.

Ojú ọ̀nà

N ò rí Àkúrẹ́ bí a ṣe ń jáde nínú rẹ̀, torí mo dijú. Èmi àti àwọn mẹ́ta ló wà lẹ́yìn takisí, mo wà lẹ́bàá fèrèsé. Obìnrin tó wé gèlè aláwọ̀ àlùkò ló tẹ̀ lé mi, ó sì ń sọ fún mi nípa ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Mo ń sọ pé "Ọlọ́run á ṣe é" síbi tó yẹ àti síbi tí kò yẹ.

A kọjá afárá Ọ̀wẹnà, igi kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ títì ní ọ̀tún àti òsì, ni ajá bá jí. Àyà mi kọ́kọ́ já lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ mi tutù. Mo fẹ́ ògì, mo fẹ́ ẹ, mo fẹ́ ẹ, kò tutù. Mo ro ó pé bí mo bá kú níbí, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí, wọ́n á tẹ́ mi sí abẹ́ igi kòkó. Òógùn ń ṣàn sí mi lójú.

Obìnrin onígèlè yíjú sí mi. Ó wò mí. "Mọ́mì, ẹ ń làágùn o. Ṣé bípì ni?"

Kí n tó dáhùn, ó ti gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ti ń gbàdúrà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣe àmín. Ẹni tó wà níwájú ń wá omi. Mo dá orí mi sẹ́yìn, mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má da omi lé mi. Dírẹ́bà ń wò mí nínú dígí ju bó ṣe ń wo ọ̀nà lọ, ìyẹn gan-an sì jẹ́ ohun tó yẹ kó ba gbogbo wa lẹ́rù.

"Ẹ jọ̀ọ́ o," ó ní, "kí ìyá yìí má kú sínú mọ́tò mi."

Ó dúró ní Bọ́lọ́rundúró, níbi tí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Dírẹ́bà wá ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Mọ́mì, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ gba atẹ́gùn. Màá fi yín lé ẹni mi lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ tó ń padà sí Àkúrẹ́. N ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín."

Ẹ wò ó, èèyàn rere ni. Gbogbo wọn ló jẹ́ èèyàn rere, oore wọn ló sì kù díẹ̀ kó dá mi padà sílé. Ohun tí ó sọ yẹn ni gbogbo ara mi ń fẹ́. Ẹsẹ̀ mi kan ti wà nílẹ̀. Mo ti rí ẹnu ọ̀nà ilé mi, mo ti rí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ti mọ ohun tí màá sọ fún Bọ́ládé nípa ẹsẹ̀. Mo rántí pé ó ní òun ò ní bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé kò ní bínú.

Mo ní, "Kì í ṣe bípì. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ọwọ́ àdúrà kúrò lórí mi.

"Ẹ̀rù kí ni?" Obìnrin onígèlè ló béèrè.

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù lásán ni. Ó máa ń wá, ó sì máa ń lọ. Mo ti rí dókítà. Mi ò ní kú sí yín lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Dírẹ́bà fọwọ́ họ orí. "Àbí bí mo ṣe ń wakọ̀ ló ń bà yín lẹ́rù ni?"

"Ẹ ń wakọ̀ dáadáa. Ọ̀nà ni kí ẹ máa wò."

Bàbá àgbẹ̀ kan tó fẹ́ gba àyè ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ti dúró sẹ́yìn dírẹ́bà pẹ̀lú àpò àti adìyẹ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹni tẹ́rù ń bà kì í wọ mọ́tò ni? Ẹ sún síbẹ̀ jàre, oòrùn ń pa mí." Bó ṣe wọlé tán, ó na adìyẹ náà kọjá orí àwọn yòókù sí mi. "Ìyá, ẹ bá mi di èyí mú, àpò yìí ò jẹ́ kí ọwọ́ mi gbà á."

Kò béèrè bóyá mo lè dì í mú. Mo gbé adìyẹ náà lé itan. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àyà rẹ̀ ń lù lábẹ́ ọwọ́ mi ju tèmi lọ. Mo fọwọ́ bo ojú rẹ̀ bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Mo fẹ́ ògì. Ìpayà mi ga, ó ga, mo rò pé orí mi á là, n ò sì sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé adìyẹ ti dákẹ́ jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ ti ń pa dé, èmi náà sì ti ń mí. N ò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló kọ́kọ́ rọlẹ̀. Obìnrin onígèlè tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ìdánwò ọmọ rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí mo gbọ́ ọ. Ìṣirò ló ń fìyà jẹ ọmọ náà.

Oǹdó

Ọkọ Bọ́ládé pàdé mi ní gáréèjì, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun. A gun òkè, a sọ̀kalẹ̀, a tún gun òkè, títí a fi dé Òkè-Lísà, àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Ó wá yé mi pé àjèjì ni mí lóòótọ́. Ọmọ ni àwa ń pè é, ọma ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Mo ní "ulé yín dára," bí a ṣe ń pe ilé ní Àkúrẹ́, aládùúgbò kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ará Àkúrẹ́ ti dé!" Ìkíni wọn gùn ju tiwa lọ. Wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n kí ọkọ̀, wọ́n kí àwọn tí mo fi sílẹ̀ nílé, èmi tí n kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ju ewúrẹ́ kan lọ.

Bọ́ládé jáde láti yàrá. Kò sáré wá bá mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ wá." Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀. Mo fẹ́ gbé e mọ́ra, àmọ́ ó ti yára wọlé lọ wo ọmọ.

Tèmi wò mí títí. Ó lọ mú fóònù ìyá rẹ̀, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún wò mí. "Ta ló yọ ọ́ síta?" ló béèrè. Ìyá rẹ̀ bá a wí pé kó sọ pé "ta ló yọ yín".

Màmá Oǹdó, ìyá ọkọ Bọ́ládé, ló gbé iyán síwájú mi. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, obìnrin gíga, tí ohùn wọn ṣì ń mú kí èèyàn fẹ́ ká ọwọ́ sẹ́yìn. Iyán náà funfun, ó sì fa bí ó ti yẹ. Ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n fi gbè é. Nígbà tí mo ní ó tó, wọ́n tún bu òmíràn sí i, wọ́n ní ará olú-ìlú ò gbọdọ̀ wá fi ebi ṣe àkóbá fún àwọn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo gbọ́ egungun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti jí, mo ti ká aṣọ, mo ń retí kí wọ́n gbé ọmọ fún mi láti wẹ̀. Omi gbígbóná ni Màmá Oǹdó gbé wá lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ni wọ́n gbé e wá fún.

"Àna mi, ẹ na ẹsẹ̀. Ọ̀tún ni àbí òsì?"

Mo ní ọ̀tún ni. Wọ́n fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi òrí pa á, wọ́n fa ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan títí ó fi dún. Ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan! Ó dùn mí wàyí. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n tẹ́ ọmọ náà sórí itan wọn, wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orí ẹsẹ̀ la ti ń wẹ ọmọ. Ta ló máa gbé ọmọ ọjọ́ mélòó kan lé ẹsẹ̀ abirùn? Irọ́ tí mo pa kí n má bàa wá ni kò jẹ́ kí n ṣe ohun tí mo wá ṣe.

Ní ìparí, wọ́n ju ọmọ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n hán an. Ọkàn mi fò jáde. Wọ́n ní, "Kí ẹ̀rù má baà máa bà á láyé ni." Mo wọlé lọ sínú yàrá, mo lọ fẹ́ ògì.

Bọ́ládé ń wo gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ì bá sàn kó bá mi jà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi kò tó ogún ọdún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, oorun ṣì wà lójú mi, Màmá Oǹdó gbé omi wá, mo na ẹsẹ̀. Wọ́n rẹ aṣọ sómi. Wọ́n fún un. Wọ́n ò fi kàn mí.

"Lánàá," ni wọ́n wí, "ọ̀tún lẹ na. Òsì lẹ na lónìí."

Ọdún márùnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi bá àwọn ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá jìjàkadì. Mo mọ̀ pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Fún àwọn tí a jọ wọ ọkọ̀, ó rọrùn láti sọ ọ́. Wọn ò mọ orúkọ mi, a ò sì ní ríra mọ́. Ẹni yìí, bí mo bá sọ ọ́ fún wọn, àna tó ní àrùn ọpọlọ ni màá jẹ́ títí láé, ọmọ mi náà á sì jẹ́ ọmọ rẹ̀. Wọ́n lè ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkókó rárá. Mo wo ilẹ̀kùn. Mo lè ní orí ló ń fọ́ mi. Mo fọwọ́ kan pépà inú àpò mi.

"Ẹsẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan," ni mo wí. "Kò ṣe nǹkan kan rí. Ẹ̀rù ni. Bí mo bá wọ ọkọ̀, ẹ̀rù á bà mí bí ẹni tó fẹ́ kú. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ni mo fi ní ẹsẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí báyìí náà. Ẹ wo ọwọ́ mi."

Mo na ọwọ́ síwájú wọn. Ó ń gbọ̀n.

Wọ́n gbé aṣọ náà kalẹ̀ sínú bàsìn. Mo rò pé wọ́n á bínú, wọ́n sì bínú. "Ọdún mẹ́ta," ni wọ́n wí. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún àwọn ará ilé yìí pé àna wa ò fojú tẹ́ńbẹ́lú wa. Èmi fúnra mi ò gbà á gbọ́. Mo ní ará Àkúrẹ́ ni, Oǹdó kéré lójú wọn. Ẹ sì jẹ́ kí n máa rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Bọ́ládé máa sunkún nínú ilé mi."

Mi ò mọ̀ pé ó sunkún. Kò sunkún lórí fóònù rí. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì tó le. Nígbà tí mo gbójú sókè, Bọ́ládé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní, "ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe wọ ọkọ̀ wá? Pẹ̀lú ẹ̀rù yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí mi.

Lórí àpótí

Màmá Oǹdó ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n da omi ẹsẹ̀ mi nù. Wọ́n pọn omi tuntun, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó, wọ́n gbé àpótí sí àárín àgbàlá. "Ẹ jókòó," ni wọ́n wí, ohùn náà ò tíì rọ̀. "Ọwọ́ ló ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ kọ́. Ẹ na ẹsẹ̀."

Mo na ẹsẹ̀. Bọ́ládé tẹ́ ọmọ sórí itan mi, kò sì tètè mú ọwọ́ kúrò. Mo sọ fún un pé kó dúró, kí àyà mi rọlẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó kán mi lójú. Ọmọ náà ń tapá tẹsẹ̀, ó ń ké, ara rẹ̀ gbóná, ó fúyẹ́. Mo fẹ́ ògì nígbà mẹ́fà. Ọwọ́ mi ò dákẹ́ tán, àmọ́ ó dákẹ́ tó. Mo mú kàn-ìn-kàn-ìn.

Màmá Oǹdó ń da omi. Mo wẹ orí, mo wẹ ọrùn, mo wẹ abíyá méjèèjì. Mo fi òrí fa apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó kù kí n jù ú sókè, gbogbo wọn ń wò mí. Mo gbé e dìde, mo gbé e mọ́ àyà mi, ibi tó ti ń lù.

"Ẹ ò ní jù ú?" Màmá Oǹdó béèrè. "Kí ẹ̀rù má baà máa bà á?"

"Ẹ jẹ́ kó máa bà á díẹ̀," ni mo wí. "A óò kọ́ ọ pé ó máa ń lọ."

Wọ́n pòṣé. Lẹ́yìn náà, wọ́n ju aṣọ ìnura lé mi léjìká, wọ́n ní omi ń ro sí ìró mi. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ń wẹ ọmọ láràárọ̀, títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n púpọ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, mo ń sọ ọ́ síta, Màmá Oǹdó á sì bá mi di orí ọmọ mú. Ọ̀rọ̀ olú-ìlú kò tán lẹ́nu wọn, àmọ́ egungun ti kúrò nínú rẹ̀.

Mo ti dé

Èmi nìkan ni mo wọ ọkọ̀ bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti tán lára mi. Ajá náà gbó láti Bọ́lọ́rundúró dé Ọ̀wẹnà, kò sì sí adìyẹ tí màá dì mú. Mo di báàgì mi mú. Mo la ojú mi sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo rí igi kòkó, mo rí omi lábẹ́ afárá, mo rí Àkúrẹ́ bí a ṣe ń wọ inú rẹ̀. Mo ti fún Fọlákẹ́ ní ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó máa lò ó fún àwọn tó nílò rẹ̀.

Mi ò tíì tú ẹrù tí fóònù fi dún. Ojú Tèmi ló kún inú rẹ̀, imú rẹ̀ kan dígí. Ó wò mí dáadáa, inú rẹ̀ ò dùn.

"Màmá," ó ní, "ṣé ẹ ti padà sínú fóònù?"

Mo ní, "Rárá o. Àkúrẹ́ ni mo wà."

Ó rò ó díẹ̀. "Ṣé ó jìnnà?"

Àyà mi já lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo dúró kó lọ.

"Kò jìnnà," ni mo wí. "Mo mọ ọ̀nà."